Èédú, Èkùrọ́ àti Òǹkà Ọdún ní Agbègbè Awo àti Ẹdẹ

Awo, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọrẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wà lórí ilẹ̀ tí ìtàn rẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ti Ẹdẹ tó múlé tì í, nítorí pé agbègbè odò Ọ̀ṣun yìí ni agbára Ọ̀yọ́-Ilé tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ ọ̀dàn ti pàdé agbára Ìjẹ̀ṣà tó fìdí múlẹ̀ nínú igbó. Àwọn àgbà agbègbè náà kò fi ìgbà kan ṣàìní ìtàn, àmọ́ kì í ṣe iye ọdún ni wọ́n fi ń to ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Orúkọ ọba tó wà lórí ìtẹ́, ogun tó jà, ìyàn tó mú, àti ibi tí ìlú ti ṣí wá ni òdiwọ̀n wọn, òdiwọ̀n náà sì tó wọn í lò, torí pé ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó ṣáájú, ẹni tó tẹ̀lé e, àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí oyè tàbí sí ilẹ̀.

Ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé nígbà ayé Aláàfin Kòrí ni wọ́n rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ láti dáàbò bo àwọn oníṣòwò tí àwọn Ìjẹ̀ṣà ń dà láàmú lójú ọ̀nà ọjà Àpòmù, àti pé ọba Iléṣà náà fi Àtáọ́ja sí Òṣogbo kí ó lè máa ṣọ́ Tìmì. Ìtàn náà kún, ó sì ní orí àti ìdí, ṣùgbọ́n kò sí ọdún kankan nínú rẹ̀. Àwọn òpìtàn tó wá lẹ́yìn Johnson, tí wọ́n gbìyànjú láti pín iye ọdún kan fún ọba kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè kà á padà sẹ́yìn, kò lè fohùn ṣọ̀kan, nítorí pé ọba kan lè pẹ́ lórí oyè, òmíràn lè má lo ọdún kan tán, orúkọ àwọn kan sì lè ti bọ́ sọnù kí àkọsílẹ̀ tó dé. Ibi tí ìrántí ènìyàn dé tí kò lè kọjá yìí ni ìmọ̀ físíìsì ti wọ inú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, ó sì gba ojú ọ̀nà òfin kan wọlé, èyí tó sọ pé àwọn èròjà kan wà nínú ayé tí wọ́n ń dín kù fúnra wọn, ní ìwọ̀n tí ohunkóhun kò lè mú yá tàbí mú falẹ̀. Òdiwọ̀n tí òfin yìí mú wá lágbára gan-an, síbẹ̀ kò lè dá ìtàn sọ, torí pé èédú lè jẹ́rìí sí ìgbà tí igi kú, kò sì lè jẹ́rìí sí ẹni tó fi igi náà dáná.

Ní 1896 ni Henri Becquerel ṣàkíyèsí ní Paris pé iyọ̀ yuréníọ̀mù ń tú ìtànṣán tí ojú kò rí sílẹ̀ láìjẹ́ pé oòrùn tàn sí i, láìjẹ́ pé a fi iná sí i. Lẹ́yìn ọdún méjì, Marie Curie àti ọkọ rẹ̀ Pierre rí polóníọ̀mù àti rédíọ̀mù, tí agbára ìtànṣán wọn ju ti yuréníọ̀mù lọ fíìfíì. Ernest Rutherford àti Frederick Soddy, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Montreal ní Kánádà, ló wá túmọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní 1902 àti 1903: átọ́ọ̀mù, èyí tí í ṣe ẹyọ tó kéré jù nínú èròjà kọ̀ọ̀kan, kò dúró ṣinṣin nínú àwọn èròjà kan, nígbà tó bá sì túká, ó tú ìtànṣán sílẹ̀, átọ́ọ̀mù náà sì di ti èròjà mìíràn pátápátá. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni a lè pè ní èròjà onítànṣán, kí a sì pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i ní ìtúká.

Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù nínú ìtúká ni pé kò sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí ó máa kan átọ́ọ̀mù kan pàtó, ó lè jẹ́ ní ìṣẹ́jú tó ń bọ̀, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀, iye tí yóò túká nínú wọn láàrin àkókò kan kì í yẹ̀. Bí a bá da 1,000 owó ẹyọ sílẹ̀, tí a sì gbà pé ìdajì ni yóò máa dojú délẹ̀ nígbà gbogbo, tí a ń ṣa àwọn tó dojú délẹ̀ kúrò, tí a tún ń da èyí tó kù, 500 ni yóò kù lẹ́yìn ìdàsílẹ̀ kìíní, 250 lẹ́yìn èkejì, 125 lẹ́yìn ẹ̀kẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó mọ èwo nínú wọn ni yóò kù. Àkókò tí ìdajì èròjà onítànṣán kan fi ń túká ni sáà ìdajì rẹ̀, èròjà kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Radon-222, afẹ́fẹ́ tó ń jáde láti inú òkúta tó ní yuréníọ̀mù, ní sáà ìdajì ọjọ́ 3.8, nígbà tí ti yuréníọ̀mù-238 fúnra rẹ̀ tó bílíọ̀nù 4.47 ọdún. Ooru, òtútù, ọ̀gbẹlẹ̀, òjò, iná ààrò tàbí iná alágbẹ̀dẹ kò lè yí òǹkà yìí padà, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ṣeé gbára lé ju ohunkóhun tí ó ń jẹrà tàbí tí ó ń dógùn-ún lọ.

Kábọ́nù ni èròjà tó so òfin yìí mọ́ ìgbé ayé ènìyàn. Ìtànṣán tó ń wá láti òfuurufú jíjìn máa ń kọlu náítírójìn inú afẹ́fẹ́, ó sì ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di kábọ́nù-14, ẹ̀yà kábọ́nù onítànṣán tí kò ju ẹyọ kan lọ láàrin nǹkan bíi tírílíọ̀nù kan átọ́ọ̀mù kábọ́nù. Ewéko ń fà á sínú láti inú afẹ́fẹ́, ẹran ń jẹ ewéko, ènìyàn ń jẹ méjèèjì, nítorí náà iye rẹ̀ nínú ohun alààyè kì í yàtọ̀ púpọ̀ sí ti afẹ́fẹ́. Ọjọ́ tí igi, ẹran tàbí ènìyàn bá kú ni gbígbà dópin, kábọ́nù-14 tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní àtúnṣe mọ́, ó kàn ń dín kù ni, pẹ̀lú sáà ìdajì 5,730 ọdún. Willard Libby àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Chicago fi ọgbọ́n yìí hàn ní 1949, lẹ́yìn tí wọ́n dán an wò lára àwọn nǹkan tí ọjọ́ orí wọn ti hàn tẹ́lẹ̀, pákó láti inú ibojì Djoser ọba Íjíbítì wà lára wọn, Libby sì gba Ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní 1960 nítorí iṣẹ́ náà. Gíráàmù kan kábọ́nù láti ara igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ń fi ìtúká nǹkan bíi 14 hàn ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó ti kú láti 5,730 ọdún ń fi 7 hàn, bí ó bá sì kọjá 50,000 ọdún, ohun tó ṣẹ́ kù kéré débi pé kò ṣeé fọkàn tán mọ́.

Ilé-Ifẹ̀ ni òdiwọ̀n tuntun yìí ti kọ́kọ́ ṣe ilẹ̀ Yorùbá lóore ńlá. Leo Frobenius, ará Jámánì tó dé ibẹ̀ ní 1910, rí orí amọ̀ àti orí idẹ tí ẹwà wọn kọjá ohun tó gbà pé ọmọ Áfíríkà lè ṣe, ó sì sọ pé àwọn ará Átíláńtíìsì, ìlú inú ìtàn àròsọ àwọn Gíríìkì, ni wọ́n fi ọgbọ́n náà sílẹ̀. Èrò burúkú ni, ó sì bí àwọn ènìyàn Ifẹ̀ nínú bó ṣe tọ́, ṣùgbọ́n ìbínú nìkan kò tó láti fi já a nírọ́ lójú ayé. Ní November 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wa ilẹ̀ ní Ìta Yemòó kan àwọn ère idẹ, Frank Willett sì gbẹ́ ibẹ̀ jìnnà lẹ́yìn náà. Èédú tó wà pẹ̀lú àwọn ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò, ó sì fi ọjọ́ tó bọ́ sáàrin ọ̀rúndún kẹwàá sí ìkejìlá lẹ́yìn ikú Jésù hàn, nígbà tí èédú láti inú àwọn ihò Ọ̀run Ọba Adó ní Ifẹ̀ kan náà lọ sẹ́yìn dé ọ̀rúndún kẹfà sí ìkẹwàá. Peter Garlake gbẹ́ ilẹ̀ Ọbalára ní 1971 àti 1972, ọjọ́ tirẹ̀ sì bọ́ sí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹrìnlá. Àkókò tí àwọn ọjọ́ yìí tọ́ka sí ni ìlú Ifẹ̀ ń gbèrú, tí kò sí ọkọ̀ Yúróòpù kankan ní etíkun wa, tí ayé Gíríìkì àtijọ́ sì ti parí tipẹ́tipẹ́, nítorí náà ìdínkù kábọ́nù ló gba iṣẹ́ ọwọ́ Ifẹ̀ padà fún àwọn tó ṣe é.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yẹ kí a wò ó fínnífínní, torí pé ibẹ̀ ni òtítọ́ tàbí àṣìṣe ti ń wọlé. Ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, irú èyí tó pọ̀ ní Ìta Yemòó, tí wọ́n to àfọ́kù ìkòkò sí lórí ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n sì fi òkúta wẹ́wẹ́ sáàrin rẹ̀ níbòmíràn, kò ní kábọ́nù tí a lè wọ̀n nínú ara rẹ̀. Èédú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti wà kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, èyí tó wà lórí rẹ̀ dé lẹ́yìn tí wọ́n tẹ́ ẹ tán, nítorí náà àwọn méjèèjì ni wọ́n há ọjọ́ orí àpáàdì náà sáàrin. Awalẹ̀pìtàn a fi ṣọ́bìrì kékeré gbé èédú náà jáde pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tó yí i ká, kò ní fi ọwọ́ lásán kàn án, yóò wò ó bóyá gbòǹgbò ewéko òde òní kò gba inú rẹ̀ kọjá, yóò fi bébà onírin wé e, yóò sì kọ ìpele ilẹ̀ àti bí ó ti jìn tó sí ara rẹ̀, nítorí pé èédú tí a kò mọ ibi tó ti wá kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Irú igi tó jóná tún ṣe pàtàkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ìrókò lè wà láàyè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún sì ti dẹ́kun láti gba kábọ́nù tuntun látìgbà tí igi náà ti wà ní kékeré, débi pé ẹni tó bá fi igi àárín rẹ̀ dáná lónìí yóò fi èédú sílẹ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti iná náà lọ fíìfíì. Èkùrọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé sáà kan ṣoṣo ni ẹyìn fi ń so tí ó sì ń pọ́n, èésan rẹ̀ sì máa ń jóná dáadáa nínú ààrò. Láti 1977 tí àwọn onímọ̀ ti rí ọ̀nà láti fi ẹ̀rọ amúyára ka átọ́ọ̀mù kábọ́nù-14 fúnra wọn, dípò kí wọ́n máa dúró de ìtúká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èésan kan tí kò tó ìdajì èékánná ti tó fún àyẹ̀wò, níbi tí èédú ẹ̀kúnwọ́ kan kò ti fi bẹ́ẹ̀ tó tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá tí ọ̀pẹ wà káàkiri, àǹfààní ńlá gbáà ni èyí.

Idẹ fúnra rẹ̀ kò ní kábọ́nù, ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ máa ń fi amọ̀ ṣe inú ère kí wọ́n tó rọ idẹ sí i, amọ̀ yìí sì ní yuréníọ̀mù, tóríọ̀mù àti pòtásíọ̀mù-40 díẹ̀díẹ̀. Ìtànṣán àwọn èròjà wọ̀nyí ń fi agbára pa mọ́ sínú ẹyọ yanrìn inú amọ̀ náà lọ́dọọdún, iná ìrọdẹ ti pa gbogbo èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́, bí wọ́n bá sì tún mú un gbóná ní ilé àyẹ̀wò, agbára tó ti kó jọ láti ìgbà náà á jáde bí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín tí wọ́n lè wọ̀n. Willett àti Fleming tẹ àbájáde irú àyẹ̀wò yìí jáde ní 1976, ó sì fi àwọn ère idẹ Ifẹ̀ sáàrin ọ̀rúndún kẹtàlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, títí kan àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938.

Ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọjọ́ náà lọ sẹ́yìn ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Thurstan Shaw àti ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn rí egungun ènìyàn kan níbẹ̀ ní 1965, èédú tó wà nítòsí rẹ̀ sì fi 11,200 ọdún hàn nínú òǹkà kábọ́nù, pẹ̀lú àlàfo 200 sókè tàbí sísàlẹ̀. Ní 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ìtúká yuréníọ̀mù di tóríọ̀mù nínú egungun náà fúnra rẹ̀, wọ́n sì rí ọjọ́ tó wà láàrin 11,700 sí 16,300 ọdún. Ọ̀nà méjì tí kò jọ ara wọn, èròjà méjì tí sáà ìdajì wọn yàtọ̀ pátápátá, ni wọ́n jẹ́rìí sí i pé ènìyàn ti ń gbé inú igbó wa láti ìgbà náà, ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sì ṣòro láti dà nù.

Ẹni tó bá wá retí pé kí kábọ́nù ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún Ẹdẹ yóò bá ìṣòro pàdé, torí pé kì í ṣe ọdún tó jìnnà ló wà níbẹ̀, èyí tó súnmọ́ ni. Akin Ògúndìran gbẹ́ ilẹ̀ Ẹdẹ-Ilé, ibi tí ìlú Ẹdẹ wà kí ó tó ṣí lọ sí ibùdó rẹ̀ ti òní, ó sì fi hàn pé àwọn ará Ọ̀yọ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó gẹ́gẹ́ bí ìlú ẹnubodè, ní àkókò kan tí òwò òkun Atlantic ti ń dé inú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n iye kábọ́nù-14 inú afẹ́fẹ́ kò dọ́gba láti ọdún dé ọdún, ìṣesí oòrùn ń mú un lọ sókè sódò, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń fi òrùka inú igi, tí í ṣe ìlà tí igi ń fi kún ara rẹ̀ lọ́dọọdún, ṣe àtúnṣe òǹkà wọn. Láti nǹkan bíi 1650 wá sí 1950, ìlà àtúnṣe yìí ń yí gbirigbiri débi pé èédú kan ṣoṣo lè bá ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mu, ó lè jẹ́ ti 1680, ó lè jẹ́ ti 1760, ó sì lè jẹ́ ti ìgbà tí Johnson ń kọ ìwé rẹ̀. Àkókò yìí gan-an ni agbára Ọ̀yọ́ dé góńgó, tí ó sì wó, tí Ẹdẹ sì ṣípò.

Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni àwọn nǹkan tí ọwọ́ obìnrin àti ti oníṣòwò fi sílẹ̀. Ìkòkò Ẹdẹ-Ilé jọ ti Ọ̀yọ́-Ilé ní àwòrán àti ní bí wọ́n ṣe fín in, kò sì jọ ti Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà tó yí i ká, èyí tó fi hàn pé àwọn amọ̀kòkò láti Ọ̀yọ́ tàbí àwọn tó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ló ń mọ ọ́n. Ìkòkò tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo yí lára kò lè ṣáájú ìgbà tí àgbàdo kọjá òkun dé láti Amẹ́ríkà, ìkòkò tábà kò sì lè ṣáájú tábà. Owó ẹyọ pàápàá ń sọ̀rọ̀, nítorí pé irú tó ń wá láti erékùṣù Maldives ni wọ́n ń ná tẹ́lẹ̀, irú tó tóbi díẹ̀ láti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà kò sì ya wọ ọjà wa kí ó tó di àárín àwọn ọdún 1840. Bí a bá fi gbogbo èyí lé ara wọn, pẹ̀lú àwọn ọjọ́ tí èédú fúnni, Ẹdẹ-Ilé dúró gbọn-in nínú ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, ìtàn tí wọ́n sọ fún Johnson nípa Tìmì sì rí ilẹ̀ tí ó lè fi ẹsẹ̀ lé. Àṣìṣe àwọn kan ni láti máa fojú ìtàn àtẹnudẹ́nu gbolẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá dé. Ní Ẹdẹ-Ilé, àtẹnudẹ́nu ló sọ ibi tó yẹ kí a gbẹ́ àti ohun tó yẹ kí a wá níbẹ̀.

Lábẹ́ gbogbo ìlú wọ̀nyí, Awo àti Ẹdẹ títí dé Ìbàdàn, òkúta àtayébáyé wà tí òǹkà rẹ̀ ju ti ènìyàn lọ. N. K. Grant wọn òkúta Ìbàdàn nípasẹ̀ rùbídíọ̀mù-87, èyí tí ń di sitirọ́ńtíọ̀mù pẹ̀lú sáà ìdajì tó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 49 ọdún, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970 pé ọjọ́ orí rẹ̀ ju bílíọ̀nù 2 ọdún lọ. Iná abẹ́ ilẹ̀ tún yọ́ púpọ̀ nínú àpáta agbègbè yìí, ó sì yí i padà, ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Ọwọ́ ènìyàn ti wá kan òǹkà náà fúnra rẹ̀. Faransé yin bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù ní Reggane nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní ọjọ́ 13 oṣù February 1960, ó sì tún yin mẹ́ta mìíràn sí ojú ọ̀run títí di April 1961. Nàìjíríà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, tí ó sì mọ̀ pé ọ̀nà ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbà wá, lé aṣojú Faransé kúrò ní January 1961. Àwọn bọ́ǹbù Amẹ́ríkà àti ti Soviet pọ̀ ju ìyẹn lọ, gbogbo wọn pa pọ̀ sì sọ kábọ́nù-14 inú afẹ́fẹ́ ìhà àríwá ayé di nǹkan bí ìlọ́po méjì ní 1963, débi pé ọ̀pẹ tó so ní Awo láàrin àwọn ọdún náà gbé àmì wọn sínú èkùrọ́ rẹ̀, àmì tí ilé àyẹ̀wò lè kà dé bí ọdún kan sí méjì. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ kejì ni òṣùwọ̀n ń lọ. Epo rọ̀bì àti èédú abẹ́ ilẹ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀ fún mílíọ̀nù ọdún, kò sí kábọ́nù-14 kankan nínú wọn mọ́, bí a sì ṣe ń jó wọn, èéfín wọn ń bu omi la èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́. Heather Graven ṣírò rẹ̀ ní 2015 pé bí ayé bá ń jó epo lọ bó ti ń jó o, aṣọ tí a bá hun ní 2050 yóò ní iye kábọ́nù-14 kan náà pẹ̀lú èyí tí a hun ní 1,000 ọdún ṣáájú rẹ̀. Awalẹ̀pìtàn tó bá gbẹ́ ilẹ̀ Ẹdẹ lẹ́yìn àwọn ọdún náà kò ní lè fi kábọ́nù nìkan ya èésan ìgbà náà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jóná nígbà tí Ìta Yemòó ṣì jẹ́ ìlú alààyè, àfi kí ó wo ohun tó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilẹ̀.